Fèrèsé Ọ́fíìsì Ìbídùn

Láti ìgbà tí wọ́n ti kan àwọn fèrèsé ọ́fíìsì náà pa, kí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù má baà jáde, kí owó iná sì lè dínkù, ni Ìbídùn ọmọ mi ti ń sọ pé afẹ́fẹ́ àná ni àwọn ń mí sínú níbẹ̀. Ikọ́ semísemí ló pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo lọ kó ẹrù rẹ̀, Mùdá tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì náà ṣílẹ̀kùn fún mi.

“Bàbá, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o.”

“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?”

“Rárá, sà. Ìta ni mo kàn fẹ́ràn.”

Wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù, síbẹ̀ aṣọ fèrèsé ń rọra wú, ó sì ń rọra padà. Mo ń ká súwẹ́tà rẹ̀ lórí àga nígbà tí mo gbọ́ èémí kan tó ń dún bíi fèrè lẹ́yìn aṣọ náà. Mo mọ èémí yẹn. Mo ti jókòó tì í láti kékeré rẹ̀.

“Bàbá mi.”

Àwọn àgbà ní a kì í dáhùn bí a kò bá rí ẹni tó pè wá. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni.

Mo ní, “Ìbídùn, mò ń bọ̀.” Mo fi àga fọ́ gíláàsì fèrèsé náà.

Atẹ́gùn ìta wọlé. Èémí náà dẹ̀, ó balẹ̀, ó sì dákẹ́.

Mo pè é. Mo tún pè é. Kò dáhùn.