Igun Tí Àyọ̀kẹ́ Ń Fi Sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí Àyọ̀kẹ́ ti kú ni kọ̀ǹpútà tó fi ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ti dákẹ́. Mojí àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé ògbólógbòó mónítọ̀ yìí sọnù. Ó dà bí aboyún tó pọn ikùn sẹ́yìn."

"Gbé ara rẹ sọnù ná," ni Alàgbà Ọdúnlámì, ọkọ olóògbé, fi dá a lóhùn. Mojí rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé.

Ohun tí bàbá fẹ́ kò ju kí ojú mónítọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń wò lójoojúmọ́ tún tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gé ẹnu waya mónítọ̀ náà, ó fi èyí tó bá kọ̀ǹpútà tí òun alára ń lò mu rọ́pò rẹ̀, ó sì so wọ́n pọ̀. Ó tàn, àmọ́ eruku bò ó lójú. Bó ti ń wá àkísà ni wọ́n mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Mónítọ̀ nìkan ni kò kú.

Ó gbọ́ ṣẹẹ, ṣẹẹ, bí ìgbà tí èèyàn ń fi aṣọ nu gíláàsì. Eruku ń kúrò díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, títí ó fi ku igun kan lápá òsì. Igun yẹn ni Àyọ̀kẹ́ máa ń fi sílẹ̀ tó bá ń nu mónítọ̀ náà, tí yóò ní, "Olówó orí mi, ẹ bá mi parí ẹ̀."

Bàbá fi etí bùbá rẹ̀ nu igun náà. Ó nu ún, ó tún un nù. Eruku náà kò kúrò.

Inú gíláàsì lọ́hùn-ún ló wà.