Ẹ Ní Sùúrù Bíi Ti Síìlì

Láti ìgbà tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wa ti fi kíndìnrín síìlì, ẹranko inú òkun yẹn, sí wa lára, a kì í mumi níbi iṣẹ́ mọ́, a kì í sì í tọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ti di ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Ọgbọ́n pọ̀ lórí wọn!

Láàárọ̀ yìí, Ọ̀gá Akínfẹ́nwá wá bẹ̀ wá wò, ó gbé omi tútù lọ́wọ́. Kíndìnrín tí wọ́n bí mọ́ ọn lòun ṣì ń lò. Ó mu ìgò kan tán, ó ṣí òmíràn, ó ní:

"Síìlì ń gbààwẹ̀ oṣù méjì láìmumi, kò ráhùn. Ẹ ní sùúrù bíi tirẹ̀."

Ìyá Démiládé, tí a jọ ń ru ẹrù, nahùn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹrù ta ni síìlì ń rù? Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń sọ di omi, á sì sùn látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rá wo ló wà lára tiwa?"

 Ọ̀gá ti ń fún itan pọ̀.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí òkìtì páálí tó kan àjà.

"Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni, sà. A máa kó wọn kúrò. Ẹ ní sùúrù bíi ti síìlì."