Ojú Ewé Tó Gbẹ̀yìn Nínú Ìwé Olè Òjìji

Ìwà òmùgọ̀ ni ìyá àgbà hù, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Òun tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ilé ìkàwé pé kó máa lẹ ìwé tó bá ya, òun gan-an ló fa ojú ewé tó gbẹ̀yìn ya nínú ìwé Olè Òjìji, tó rọ́ ọ sínú kọ́mú. Kí ló dé? Wọ́n pa Olè Òjìji níbẹ̀! Lóòótọ́, oṣó ni, òjìji àwọn olówó ló sì ń jí, ṣùgbọ́n òjìji ọ̀hún ló fi ń ṣíji bo àwọn ọmọ òrukàn nínú oòrùn. Ta ní ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Kò tíì tó wákàtí kan tí obìnrin tó kọ ìwé náà fi wọlé wẹ́rẹ́, tó mú un lórí pẹpẹ, tó ń kà á fáwọn ọmọdé. Ìyá àgbà sá pamọ́ sẹ́yìn pẹpẹ. Iṣẹ́ bọ́ lónìí!

Òǹkọ̀wé kà á dé ibi tó ya, ó pa ìwé náà dé.

"Àǹtí, ṣé wọ́n pa á ni?" Omi ti lé ròrò lójú ọmọbìnrin tó béèrè.

"Pa kẹ̀? Ó ti sá lọ o!" ni òǹkọ̀wé dáhùn.

Àwọn ọmọ hó yèè. Ìyá àgbà gbàgbé ara rẹ̀, ó fò sókè, ni bébà bá yọrí láyà rẹ̀.

Òǹkọ̀wé rìn bá a, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ilé ìkàwé kẹrin rèé tí mo ti rí i pé wọ́n fa ojú ewé yìí ya, ìyá àgbà kan ló sì wà nídìí ẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹgbẹ́ yín lè gba èmi náà wọlé?"