Àgbò Inú Yàrá

Lọ́jọ́ Ajé, Obinna tó ń lẹ táyà ní ìkángun àdúgbò ló mú ìròyìn náà dé: àwọn dókítà ẹran mẹ́fà ń bọ̀ ní Amukoko. Ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road ni wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ àrùn láti ilé dé ilé. Bàbá Àjàmú kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wọlé, ó sì fa àgbò rẹ̀ wọ yàrá.

Iléyá ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Bàbá Àjàmú ti ń jẹ ẹran Iléyá nílé àna rẹ̀ ní Olodi-Apapa, tí ó ń jókòó sétí àga bí àlejò, tí ó ń yin àgbò ẹlòmíràn. Lọ́dún yìí, òun náà ra tirẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ sí àna náà pé kó wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Nǹkan kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa dókítà ẹran: bí wọ́n bá rí àrùn ní àdúgbò, wọ́n á pa gbogbo ẹran ibẹ̀, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tára rẹ̀ le, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á sin ín. Bí wọ́n ṣe ṣe adìyẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ hìjáàbù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní orúkọ òun ni Dókítà Ummusalamah.

"Bàbá, ẹran mélòó lẹ ń sìn?"

"Ẹran? Èmi? Eyín wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

Àgbò ké nínú yàrá.

"Ìyàwó mi kékeré nìyẹn," ni Bàbá Àjàmú wí. "Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Suwaibat, ìyàwó kan ṣoṣo tó ní láyé, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Dókítà kọ ọ̀rọ̀ ikọ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí dókítà kọjá sí ilé kejì, Bàbá Àjàmú na ọrùn lórí ògiri kó lè gbọ́ ohun tí Sàfíátù, aládùúgbò rẹ̀, máa sọ.

"Ewúrẹ́ mẹ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́," ni Sàfíátù wí. "Àbí mẹ́rin?" Ó tú igun ìró rẹ̀, ó yọ ìwé pélébé kan, ó wò ó fìrí. "Mẹ́rin ni. Imú wọn ń ṣàn, wọ́n ń ṣu omi."

Ewúrẹ́ mẹ́rin péré ni Sàfíátù ní. Láti orí ògiri, Bàbá Àjàmú ń wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn ilé, wọ́n ń bá ara wọn du èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó mi orí. Ó yé e: ìrànwọ́ ìjọba ni obìnrin yìí ń wá, ìwé tó kọ irọ́ rẹ̀ sí sì nìyẹn.

Ti Obinna tún burú jù. Ọkùnrin tí kò sin ju àkùkọ kan lọ rí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú níwájú dókítà lẹ́nu ọ̀nà Sàfíátù, ó ní ogún adìyẹ òun ló kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí dókítà lọ tán, ó yíjú sí Bàbá Àjàmú.

"Baba, how you see am? I try?"

"Ọlọ́run á bi ọ́."

Obinna bú sẹ́rìn-ín. "Ah, Baba! Ẹ̀yin náà try. Second wife!"

Sàfíátù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá wa, ẹ̀yin lẹ ṣe é dáadáa jù nínú gbogbo wa."

Bàbá Àjàmú gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé orí òun pé ju tiwọn lọ.

Àmọ́ lọ́jọ́bọ̀, Dókítà Ummusalamah ní lọ́la àwọn máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan dé yàrá. Ní àkókò yìí, àgbò ti jẹ tìmùtìmù tán dé ìdajì.

"Ẹ bi wọ́n léèrè ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe," ni Suwaibat wí.

"Kí ni mo fẹ́ bi ọmọdé?"

Ó ránṣẹ́ pe Mùtíù alápatà. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, àgbò ti di ẹran. Èyí tí wọ́n pa kí Iléyá tó dé, ẹran ọbẹ̀ lásán ni; Bàbá Àjàmú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún àdúgbò pé sàráà ìyá òun ni. Ó pín in dórí egungun, itan kan lọ sílé Sàfíátù, àyà lọ sọ́dọ̀ Obinna, kí ohunkóhun má bàa ṣẹ́kù nílé òun. Ó ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ní tirẹ̀, ó sàn kí ènìyàn jẹ ẹ́ ju kí ìjọba sin ín lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà wọ yàrá, ó wo abẹ́ ibùsùn, kò rí nǹkan kan. Bàbá Àjàmú rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n kó gbogbo àdúgbò jọ síwájú ilé Sàfíátù.

Dókítà Ummusalamah dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ṣe eré ìdánrawò tí àwọn kọ́ wọn bí òótọ́ fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹran kankan kò ṣàìsàn ní Amukoko. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àjàmú, ó ní nínú gbogbo ilé, ilé Bàbá nìkan ni àwọn kò kọ́ ní ohun tí wọn yóò sọ, torí ó yẹ kí ilé kan wà tó máa sọ òótọ́, gbogbo àdúgbò sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé bàbá yìí kì í parọ́.