Ta Ló Sọ Fún Ẹ Pé Ẹ̀rọ Kẹta Ti Dára?

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí àwọn tó máa ń ka ìlà méjì péré, tí wọ́n á sì ti dà á sórí gbogbo gúrúùpù. Irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ló ba ti Bọ́dúndé jẹ́.

1.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Òrégùn tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Bọ́dúndé ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń ṣiṣẹ́ yẹn náà ló fi ń tẹ fèrè ní ìjọ aládùúrà wọn ní Ìfàkò-Ìjàyè. Bó bá ti fọn ọ́n, àwọn ìyá ìjọ á dìde, wọ́n á máa jó títí aṣọ funfun wọn á fi rin fún òógùn. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, orin tuntun mẹ́rin ló sì ti ń kọ́ sílẹ̀.

Tèmilọlá ní tiẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ yẹn. Láràárọ̀ tó bá ti dé, ìwé tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru máa ń kọ nǹkan sí fún àwọn tó ń wọlé ló máa kọ́kọ́ ṣí. Bọ́dúndé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ẹ kú ìwé kíkà o! Ṣé ìdánwò wà lónìí ni?"

Á rẹ́rìn-ín, kò ní bínú. Ìyá rẹ̀ tó ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́ ló kọ́ ọ pé bí ìròyìn bá dé, kó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo ló sọ ọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ló fi rí i, àbí wọ́n sọ fún un ni? Ẹ ò rí i pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ dùn ún wò!

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bọ́dúndé wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lórí gúrúùpù WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́: "Ẹ̀rọ kẹta ti dára o. Ẹ máa lò ó. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

Ó wo ara ẹ̀rọ náà. Káàdì pupa tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ kò sí níbẹ̀. Ló bá fẹ́ tàn án.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná!" Tèmilọlá ké, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbí. 'Ẹ̀rọ kẹta: abẹ rẹ̀ ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má tàn án.' Injiníà Olúgbénró ló kọ ọ́, wọ́n buwọ́ lù ú, aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ yìí ni."

"Wọ́n ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn nìyẹn. Ṣé o ò rí WhatsApp ni?"

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

"Ṣínà tá a jọ ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé Ṣínà wà níbí nígbà tí wọ́n tún un ṣe?"

Bọ́dúndé pòṣé. "Ọmọ yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Ọdún mọ́kànlá! Nígbà tí mo dé ibí, púráímárì lo ṣì wà."

"Ìṣẹ́jú méjì péré, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ n pe injiníà fúnra wọn."

3.

Injiníà gbé fóònù. "Háà! Ẹ má tàn án o! Irin tí a máa fi pààrọ̀ èyí tó kán ni mo ṣì ń wá..."

Kó tó sọ ọ́ tán, Bọ́dúndé ti tan ẹ̀rọ, ó ti ń kùn. Ọ̀rá kákò, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti tún un ṣe, bó ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá.

Abẹ já.

Yéè! Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n gbọ́ igbe yẹn dé ẹnu géètì. Àwọn ọkùnrin káwọ́ lérí, wọ́n ń pe Jésù. Tèmilọlá ni kò dúró. Ó sáré pa iná lára ògiri, ó gbé abẹ sókè, ó tú ṣíkáàfù orí rẹ̀, ó fi di ọrùn ọwọ́ náà gírígírí.

"Ẹ wò mí, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ má wo ọwọ́ yẹn. Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò."

Dókítà sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ ìdì yẹn, ọwọ́ ni ì bá lọ pátápátá. Ìka mẹ́ta ló lọ.

4.

Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn ti wá? Ṣínà fi omijé jẹ́wọ́. Irọ́ kọ́ o! Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ bàjẹ́ tí wọ́n tún un ṣe ni ẹnì kan kọ ọ́. Ẹlòmíì wá fi ránṣẹ́ sí Ṣínà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ó kàn taari ẹ̀ síwájú. Káàdì pupa ńkọ́? Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló tú u kó lè nu ẹ̀rọ, ó sì gbàgbé ẹ̀ sójú fèrèsé.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n gbé fèrè sórí àga, kò sẹ́ni tó fọn ọ́n. Bọ́dúndé dìde láti jẹ́rìí, ó nawọ́ òsì sí Tèmilọlá tó wá bá wọn ṣe ìkórè.

"Ọmọ tí mò ń pè ní tíṣà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyí. Tíṣà mi ni lóòótọ́. Ká ní mo fún un ní ìṣẹ́jú méjì tó tọrọ ni, ijó lẹ̀ bá máa jó báyìí."

Àwọn ìyá ìjọ bú sẹ́kún.

Bọ́dúndé kì í gé ọ̀rá mọ́. Òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ láràárọ̀, tó gbé ìwé yẹn dání. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láì kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra o! Ọ̀rọ̀ tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kò lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fojú rí i, tó kọ ọ́, tó sì buwọ́ lù ú. Ẹ béèrè ẹni tó sọ ọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló ń dá yín dúró, ẹ dúró. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ò sì purọ́ nígbà tí wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà.