Ẹ̀rín Inú Kàlẹ́ńdà

"Pa ẹnu ẹ dé!" Àlájà, alága ẹgbẹ́ aránṣọ Òkóta, nàka sí aránṣọ tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Fọ́tò kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ni wọ́n ń yà. Ẹni tí kò bá lejú koko kò ní sí níbẹ̀.

"Inú mi ló dùn, mà. Ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́."

"Lo ṣe kó gbogbo eyín síta? Àwọn oníbàárà á ní o ba aṣọ àwọn jẹ́, o tún ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ̀rín ayọ̀ ni."

"Ó rọrùn fún ẹ, eyín ẹ pé!" Àlájà sáré fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́ ló ti ṣòfin ojú líle fún gbogbo ẹgbẹ́.

Aránṣọ náà ti ìka bọ ẹnu, ó yọ eyín àtọwọ́dá méjì níwájú, ó jù wọ́n sápò. Ó tún rẹ́rìn-ín, ihò ńlá yọ.

"Ẹ yà á," ó sọ fún oní-fọ́tò.

Àlájà wò ó títí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Oní-fọ́tò, dúró ná. Ìwọ, sún, jẹ́ n jókòó."