Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

"Ọ̀gá, ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ méjìlá sẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Ṣé kí n fi sáńpépà gbo ó kúrò kí n tó kùn ún?"

"Gbo gbogbo ẹ̀, jàre! O ò rí i pé àwọn olówó ẹgbẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Onílé tẹjú mọ́ fóònù, ó ń tu èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ tí akunlé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ìwà rẹ̀ rí akunlé lára. Ó pòṣé, ó sì gbo ilẹ̀kùn náà mọ́ féfé.

"Bitcoin tún ti gbówó lórí!" ni onílé pariwo sínú fóònù.

"Alàgbà, ṣé ó ṣe é fi ra búrẹ́dì?" ni ẹnìkan bi í láti inú fóònù.

"Ìbéèrè òtòṣì! Ọ̀rọ̀ méjìlá péré ló ń ṣí àpótí owó orí ayélujára tèmi, ibì kan ṣoṣo ni mo sì kọ ọ́ sí."

"Níbo?"

Onílé yíjú. Akunlé ti ń gbá eruku náà pọ̀ mọ́ èèpo ẹ̀pà.